Àrokò Inú Átọ́ọ̀mù

Àgọ́ Ìrókò,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Abdulmumin, ọmọ mi àkọ́bí,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ, mo kí Moyọ̀sọ́lá ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé tí ẹ háyà ní Oregun, títí kan ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sí yín lẹ́nu fèrèsé. Ọlọ́run Ọba tó mú wa rí ọ̀sẹ̀ yìí yóò mú wa rí èyí tó ń bọ̀. Ẹ kò ní fẹsẹ̀ kọ. Èéfín ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé yín kò ní di àìsàn sí yín lára. Àwọn ọmọ iléèwé tí ò ń kọ́ ní físíìsì kò ní ya olórí kunkun, àwọn tó sì ti yà á tẹ́lẹ̀, Ọlọ́run á bá wa rọ orí wọn. Àmín.

Tí o bá ń béèrè tèmi, mo wà, mo dúpẹ́. Orúnkún ọ̀tún ti kọ̀ fún mi láti forí kanlẹ̀, orí àga ni mo ti ń kírun báyìí bí ẹni tó lọ jókòó de ọba. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń lé lọ, torí mo ń sùn dáadáa, àárẹ̀ náà á kàn jókòó sẹ́bàá ibùsùn títí tí n ó fi jí, a ó sì jọ dìde.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí Bàbá fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ohun tó fà á ni pé gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́, tí mo bá ti dé orí ọ̀rọ̀ Jubril àbúrò rẹ, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín lọ́hùn-ún máa ń bàjẹ́. Mo ti ṣàkíyèsí rẹ̀. A ó máa gbọ́ ara wa ketekete lórí ọ̀rọ̀ òjò, lórí ọ̀rọ̀ iṣu, lórí ọ̀rọ̀ orúnkún mi, bí mo bá ti dárúkọ ọmọkùnrin yẹn báyìí, fóònù kú. Mo ti fi í sádùúrà pé kí Ọlọ́run bá yín tún òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Oregun ṣe. Àmọ́ lẹ́tà kò ní òpó, ẹni tó bá ti ṣí i, ó ti ṣí i nìyẹn.

Ilé wà níbi tí o fi í sí. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ Ajé ṣí páànù ilé ìdáná ìyá yín, ní igun tó máa ń kó igi sí. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé òkúta lé e, òkúta náà ló wà níbẹ̀ títí di òní. Ewúrẹ́ ìyá yín bí méjì. Ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná láàárọ̀, á máa wo inú ilé, èmi náà á máa wò ó láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Iná mànàmáná kò tíì padà wá láti ìgbà Àwẹ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iná yìí yé mi. O sọ pé iná tó ń rìn nínú wáyà kì í ṣe ohun méjì, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni, wọ́n kéré, wọn kì í jókòó síbì kan. Nígbà tí a ṣe ìpàdé àdúgbò, tí gbogbo ènìyàn ń bú àwọn oníná, mo dìde, mo ní kí wọ́n má ṣe bú ẹnikẹ́ni mọ́, pé àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ló ti kó lọ sí Èkó bí gbogbo àwọn ọmọ wa ṣe kó lọ. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Bàbá tó jókòó tì mí mirí, ó ní ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń fura.

O ṣeun fún àwọn ẹ̀kọ́ tí o ń sọ sínú fóònù ránṣẹ́ sí Fatimah. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ọmọ àbúrò mi yìí ti wá bá mi gbé kí ilé má bàa dá jù, ìwé ló dojú kọ, ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì sì ti dé tán, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ físíìsì wọn ti bá iṣẹ́ lọ sí Ìlọrin. Fóònù tirẹ̀ ti já sómi, nítorí náà orí tèmi la ti ń gbọ́ ọ. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ohùn rẹ á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo máa ń pa rédíò, n ó sì jókòó bí ọmọ iléèwé.

O ní gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, òkúta ni o, omi ni o, irin ni o, àti irùngbọ̀n mi yìí, pé tí ènìyàn bá ń gé e sí wẹ́wẹ́, tó ń gé e, tó ń gé e, yóò dé ibì kan tó jẹ́ pé bó bá tún gé e kọjá ibẹ̀, ohun náà kò ní jẹ́ ohun tó ń jẹ́ mọ́. O ní ibẹ̀ ló ń jẹ́ átọ́ọ̀mù. Mo gbìyànjú rẹ̀, ọmọ mi. Mo gbé ègé iṣu gbígbẹ kan sílẹ̀, mo mú abẹ tí mo fi ń fárí, mo gé e títí ojú mi kò fi rí i mọ́. Fatimah bá mi níbẹ̀, ó ní Bàbá, tí ẹ bá gé e títí di Iléyá, ẹ kò ní débẹ̀, pé nínú ẹyọ eruku kan ṣoṣo, átọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju gbogbo ènìyàn ilé ayé lọ. Mo gbé abẹ sílẹ̀. Mo sọ fún un pé kó máa rọra gbálẹ̀ láti òní lọ.

O tún ní átọ́ọ̀mù tí a kò rí yìí náà ní inú, pé kókó kan wà láàárín rẹ̀, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì wà lẹ́yìn odi, wọn kò lè wọlé, wọn kò sì lè lọ. Èyí kò ṣòro fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó náà nìyẹn. Ohun tó ṣòro fún mi ni bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. O ní tí kókó náà bá tóbi tó ẹ̀wà kan, ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà á jìn tó ìrìn ẹsẹ̀ gidi, bí láti ilé wa dé odò, gbogbo àárín rẹ̀ á sì jẹ́ òfìfo. Mo gbé ẹ̀wà kan sáàárín àgbàlá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí odò kí n lè mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀. Orúnkún kò jẹ́ kí n débẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, adìyẹ Job ti ṣa kókó náà jẹ. Job yìí ni ará Èkìtì tó ń tún rédíò ṣe ní ojúde wa. Ó bẹ̀ mí títí lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà náà, mo ní kò tó nǹkan. Mo ṣàlàyé fún un pé òun náà àti adìyẹ rẹ̀, òfìfo ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó ní àwọn àna òun ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun rí.

Ọ̀rọ̀ òfìfo yìí ló jẹ́ kí n ro ti ọwọ́ mi. Wọ́n ní kí gbogbo wa wá tún fi orúkọ sílẹ̀ fún nọ́ńbà fóònù wa, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọbìnrin kan ní kí n gbé àtàǹpàkò lé orí ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tàn. Mo gbé e lé e, ẹ̀rọ ní òun kò rí mi. Mo gbé tòsì, kò rí mi. Ọkọ́ ti fá gbogbo ohun tí Ọlọ́run kọ síbẹ̀. Ọmọ náà ní Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọwọ́ yín kò kàn án. Mo sì rántí pé o ní àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà létí ọwọ́ wa máa ń lé àwọn tó wà létí ohun tí a dì mú sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé àlàfo bíńtín máa ń wà láàárín wọn. Mo rọra sọ fún un pé kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé láti ìgbà tí ayé ti dáyé, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kan ohunkóhun. Ó ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bá mi délé, kò sì lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ gbé ìyá yín dé láti Agége, kí àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́, mo gbé ọwọ́ mi lé e níwájú orí. Ó ti tutù. Mo mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn án. Jọ̀wọ́, nínú ẹ̀kọ́ rẹ tó ń bọ̀, bá mi wò ó bóyá wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún irú èyí.

Ohun kan tún wà lórí òfìfo yìí. Búrẹ́dì tí Jubril máa ń fi ránṣẹ́ láti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ búrẹ́dì ní Agége, ó máa ń tóbi bí ìrọ̀rí, àmọ́ tí o bá fún un pọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀kúnwọ́ kan ni. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò ó pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tà fún wa. Ní báyìí mo ti mọ̀ pé bí Ọlọ́run ṣe dá gbogbo nǹkan nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ yẹn. Ṣé o rí i, mo ti dárúkọ rẹ̀, lẹ́tà kò sì kú.

Abdulmumin, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ síra yín. Eruku sàréè kò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. O ní tó bá jẹ́ pé Jubril gbà kí o gbé ìyá yín lọ sí ọsibítù ńlá kí wọ́n ya fọ́tò inú ara rẹ̀, kò ní kú sínú yàrá Jubril. Jubril ní ìyá fúnra rẹ̀ ló ní ó ti sú òun kí wọ́n máa gbé òun kiri, pé òun fẹ́ sinmi. Ó ní lọ́jọ́ tí ìyá ń pe orúkọ rẹ, ìwé ìdánwò lo ń máàkì. Mo gbọ́ tìrẹ, mo gbọ́ tirẹ̀, mo gbé méjèèjì mì. Kò sí irọ́ nínú ọ̀kankan nínú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wúwo. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ fèrè rélùwéè kan náà, ẹ kò fojú kan ara yín. Ọdún ti fẹ́ yípo.

O rántí pé mo pè ọ́ láìpẹ́ yìí, mo ní àdúà ọdún ìyá yín ti ń bọ̀, mo ní mo bẹ̀ ọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wá, kí ọ̀kan má bàa wá láàárọ̀ kí èkejì wá nírọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń gba iṣẹ́ ọdẹ lọ́wọ́ ara wọn. Fóònù kú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ̀kọ́ rẹ kan dé. Èyí tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò nìyí.

O ní nínú kókó yẹn, oríṣi méjì ló wà níbẹ̀, pùrótọ́ọ̀nù àti níútírọ́ọ̀nù. O ní àwọn pùrótọ́ọ̀nù, irú kan náà ni wọ́n, agbára kan náà ló wà lára wọn, nítorí náà wọn kì í fẹ́ rí ara wọn, kí ọ̀kan máa ti èkejì síta ni tiwọn, yàrá náà sì há. O ní níútírọ́ọ̀nù kò ní ìjà lára. Kò ṣe ti ẹnì kan, kò sì lé ẹnì kan, àárín wọn ló jókòó sí, òun ló ń fi ìdè kún ìdè tí ilé náà kò fi tú. O ní tí níútírọ́ọ̀nù kò bá tó mọ́, kókó náà kò ní lè fara balẹ̀, á máa ju nǹkan síta, á sì fọ́. O tún ní níútírọ́ọ̀nù tó bá jáde nílé tó lọ dá wà níta kì í pẹ́. Lẹ́yìn náà lo ní kí ẹ tún un gbọ́, kí ẹ ronú sí i dáadáa.

Mo ronú sí i. Ta ni kò ní mọ̀? Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá ń bínú sí ará ilé rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì ti ń rọ̀, kì í la ẹnu ní mo fẹ́ parí ìjà. Á mú owó ẹyọ méjì, á kọjú wọn síra, á fi òwú so wọ́n pọ̀, á fi rán ọmọdé. Ẹni tó gbà á á tú u, á wò ó, á wọ bàtà rẹ̀. Àrokò ni wọ́n ń pè é. Mo ní ọmọ mi ti di àgbà. Ojú ń tì í láti sọ pé òun àti àbúrò òun ni pùrótọ́ọ̀nù, kí ó sọ pé ìyá àwọn ni níútírọ́ọ̀nù, ó wá dì í sínú ẹ̀kọ́, ó fi lé Fatimah lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Fatimah wá wo ohun tó ń ṣe mí.

Gbogbo rẹ̀ ló bá a mu. Ìyá yín Àwẹ̀ró kì í dá ẹjọ́. Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, tí ẹ bá ń jà lórí ẹran, kì í ní ìwọ lo jẹ̀bi, kì í ní Jubril ló jẹ̀bi. Á gbé àwo tirẹ̀ wá sáàárín yín, á jókòó. Ẹ̀yin méjèèjì á jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ìjà á parí, ebi á sì pa á sùn. Mo máa ń bá a wí. Mo máa ń ní ó ń bà yín jẹ́. N kò mọ̀ pé nǹkan tó ń so òkè àti ilẹ̀ mọ́ra ni mo ń bá wí.

Lọ́jọ́ Àìkú, Jubril pè mí bó ṣe máa ń pè. Mo ní Jubril, ẹ̀gbọ́n rẹ ti rán àrokò sí ọ. Ó ní kí ni mo wí. Mo tú u fún un, bí o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, n kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Mo ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń po fúláwà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé ṣé Bọ̀dá ló sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn, pé èyí tó bá kúrò nílé kì í pẹ́, pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó gbà á sílé? Mo ní ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fi etí ara mi gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn imú. Ó ní fúláwà ló kó sí òun nímú. Ó ti pẹ́ tí ọmọ yẹn ti wà nídìí iṣẹ́ búrẹ́dì, fúláwà kò kó sí i nímú rí.

Ó ní òun á ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè méjì, tìrẹ àti tòun, láti Agége dé Ìbàdàn, ní àárọ̀ Sátidé tí àdúà bá ku ọ̀la, kí ẹ wá wọ mọ́tò láti ibẹ̀. Mo ní kó rí i pé ìjókòó méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. O sọ ọ́ nínú ẹ̀kọ́ yẹn pé agbára tó ń so àwọn pùrótọ́ọ̀nù pọ̀ le ju èyí tó ń lé wọn kúrò lọ́dọ̀ ara wọn lọ, àmọ́ kì í ṣiṣẹ́ láti òkèèrè, àfi tí wọ́n bá súnmọ́ra tán. Oregun sí Agége ti jìn jù fún un. Jubril ní òun ti gbọ́. Ó ní òun á mú búrẹ́dì tó gbóná dání, pé Bọ̀dá fẹ́ràn ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tó di àná, mo ń ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Job, Fatimah sì gbọ́. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó ní Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀kọ́ lásán ni. Ó ní gbogbo ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ló ń kọ́ ọ, pé ohun kan náà lo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní Omole. Ó gbé ìwé wá, ó kà á fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà níbẹ̀. Pùrótọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, níútírọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, èyí tó jáde nílé tí kì í pẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n sì ti tẹ ìwé náà tipẹ́tipẹ́ kí ìyá yín tó bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Job dìde, ó ní òun ń lọ wo adìyẹ òun. Ó rẹ̀ mí nígbà náà, ọmọ mi. Mo jókòó sórí àga tí mo fi ń kírun, n kò lè dìde.

Nígbà tó ṣe, mo ní kí Fatimah tún fi ohùn rẹ sí i, kó ṣí ìwé sílẹ̀, kó máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ rẹ. Ó ń tọ ọ́. Nígbà tí o dé ibi tí o ti ní irú kan náà ni wọ́n, yàrá kan náà ni wọ́n wà, wọn kì í fẹ́ rí ara wọn, o dákẹ́. Ó pẹ́ tí o dákẹ́. Fatimah rò pé fóònù ti kú. Mo gbọ́ fèrè rélùwéè lọ́nà jíjìn nínú ìdákẹ́ náà. Lẹ́yìn náà lo wúkọ́, o ní àmọ́ níútírọ́ọ̀nù wà. Mo ní kí Fatimah bá mi wá ìdákẹ́ yẹn nínú ìwé. Ó wá a lójú ewé yẹn, ó ṣí ewé kejì, kò rí i.

Nítorí náà n kò mọ èyí tí mo lè pè é mọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ lásán, mo ti fi ọjọ́ ogbó parọ́ fún ọmọ mi, Ọlọ́run ló sì mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n mọ̀. Àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́ Jubril. Á dúró sí ìdíkọ̀ rélùwéè Agége, níwájú ibi tí wọ́n ti ń wọlé, pẹ̀lú búrẹ́dì lábẹ́ apá. Tí o bá débẹ̀, má sọ fún un pé ẹ̀kọ́ Wáẹ́ẹ̀kì ni. O kò ní láti sọ nǹkan kan rárá. Gba búrẹ́dì, kí o jókòó.

Ọ̀rọ̀ owó kù. Tó bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra páànù ilé ìdáná, kí òjò má bàa pa àwọn tó máa dáná sàárà, kí n sì ra bátìrì sí tọ́ọ̀ṣì. Tí kò bá sí, má yá owó, òkúta á máa bá wa dì í mú. Ohun kan ni mo fẹ́ kí o bá mi wá dáadáa. Job ní ilé iṣẹ́ ló kún Oregun yín yẹn, pé kò sí ohun tí wọn kì í ṣe níbẹ̀. Tí o bá rí ibi tí wọ́n ti ń ta níútírọ́ọ̀nù, kódà kó jẹ́ tòkunbọ̀, bá mi ra ọ̀kan bọ̀. N kò ní kó tó ìyá yín. Kó ṣáà ti lè jókòó sáàárín.

Fatimah tó ń wo ohun tí mo ń kọ ní kò sẹ́ni tó ń tà á. Mo ní kò burú. O sọ nígbà kan pé nínú pùrótọ́ọ̀nù pàápàá, àwọn mẹ́ta kan tún wà, tí ọ̀kan nínú wọn kì í dá gbé láéláé. Àwa mẹ́ta náà ló kù. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹ jọ wá. N ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, n ó gbé àwo tèmi wá, n ó sì jókòó sáàárín yín níbi tó máa ń jókòó sí. N kò mọ̀ ọ́n ṣe bí i tirẹ̀, orúnkún kò sì ní jẹ́ kí n tètè dìde, èyí kò burú, torí n kò fẹ́ dìde.

Ọlọ́run á ṣọ́ ìjáde yín, á ṣọ́ ìwọlé yín. Ọkọ̀ tó ń gbé yín bọ̀ kò ní yà sígbó. Ohun tó so yín pọ̀ kò ní já lójú mi, kò sì ní já lẹ́yìn mi. Kí Ọlọ́run fi ilẹ̀ tútù tẹ́ ìyá yín, kí ó jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ jókòó súnmọ́ra. Àmín, àmín.

Èmi ni bàbá ẹ̀yin méjèèjì,
Múdàṣírù Àjàgbé.